Ikú Mẹ́rin Tí Awóyẹmí Kú

Ní Ìlódè ní Ifẹ̀, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ kọ tí kò mọ bí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ilé Ìyá Tíṣà ló ń gbà lọ. Mojíre Olúṣọlá lorúkọ obìnrin náà gan-an, ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì tó fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti gbé orúkọ náà mì pátápátá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra táípúráítà àlòkù kan, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà Yorùbá, nítorí náà bí Ìyá Tíṣà bá tẹ ojú ìwé kan tán, yóò mú bírò, yóò máa gún abẹ́ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin àgbàdo. Òun ló ń bá ìyá tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà ní Jámánì. Òun ló ń bá ayálégbé kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí onílé. Òun náà ló ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí wọ́n máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó gbé pósí jáde.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn yìí ni kò fẹ́ràn. Ẹni tó bá wá ròyìn òkú rẹ̀ fún un, ikú ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Olóògbé lè ti lo ọgọ́rin ọdún láyé, kó kọ́lé, kó bímọ, kó jà, kó parí ìjà, ọ̀sẹ̀ méjì tó fi wà lórí àìsàn ni àwọn ọmọ yóò fi gbogbo ọ̀sán ròyìn. Bí Ìyá Tíṣà bá béèrè ìyókù, wọn yóò ní, "Ẹ sáà kọ ọ́ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n."

Ó nídìí tí èyí fi ń dùn ún. Olúṣọlá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ apoògùn nílé ìwòsàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí ọmọdé bá kọ oògùn ibà, ọkùnrin náà yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, yóò fajú ro, yóò gbọn orí, yóò ní, "Ìwọ nìkan kọ́ ló korò lẹ́nu rẹ̀, ó korò lẹ́nu tèmi náà," ọmọ náà yóò sì mu ún. Ó mọ ayò ta, kò sì mọ orin kọ, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́. Ní ọdún 1983, ó lọ gẹ irun lọ́dọ̀ bábà tó wà ní ìkóríta. Wọ́n gẹ apá òsì tán, wọ́n fẹ́ bọ́ sí apá ọ̀tún, bábà ní kó yí orí díẹ̀, kò yí i. Ó ti kú.

Láti ọjọ́ náà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi po oògùn ti di afẹ́fẹ́. Bí ẹnìkan bá dárúkọ Olúṣọlá, wọn á ní, "Olúṣọlá wo?" Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé, "Onírun-ààbọ̀." Bábà náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì tí ọkùnrin náà kú, ó gbé àpótí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sílé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mìsíìsì, ẹ má bínú o. Ṣé kí n parí ẹ̀ ni?" Ìyá Tíṣà ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ parí ẹ̀. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ tó dúró láàbọ̀." Nígbà tí ó wọ ilé ìdáná lọ, ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi di ẹkún, àwọn tó wà ní pálọ̀ sì rò pé ẹkún ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ìyá Tíṣà máa ń fi kún un pé ère náà kì í tilẹ̀ jọ ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún.

Ní ọdún 1994, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olówó pàápàá ń fẹsẹ̀ rìn, ọkùnrin mẹ́ta láti ilé Awóyẹmí gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Adébáyọ̀ Awóyẹmí ló ṣíwájú. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ni alága ẹbí, ó sì ṣì máa ń wo àpò èèyàn bíi pé ẹrù fàyàwọ́ wà níbẹ̀. Alhaji Abdulrazaq tó ń ta pákó tẹ̀ lé e. Ìyá Tíṣà ti kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta rí, ó sì ti nà án, nítorí náà títí di òní, bí ó bá wọlé rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kó ọwọ́ méjèèjì sí. Bàbá Àtàndá ló kẹ́yìn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí ó máa ń sùn nínú ìpàdé tí ó sì máa ń jí lásìkò tí kò yẹ.

"Ìyá Tíṣà," ni Adébáyọ̀ wí, "ìwé la fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa kọ. Ìwé bàbá ńlá wa, Awóyẹmí tó tẹ agbo ilé wa dó."

Kò pẹ́ tí Ìyá Tíṣà fi mọ ohun tó gbé wọn dìde. Ilé Adéagbo, aládùúgbò wọn, ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Nínú rẹ̀, bàbá ńlá àwọn Adéagbo kú lórí ìdúró, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, kò sì ṣubú títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Adéagbo ti ń rìn bí ẹni tó jogún ìlú.

"Ó dáa," ni Ìyá Tíṣà wí. Ó mú bírò. "Kí ni Bàbá ṣe láyé?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn.

"Ojú ogun ni wọ́n kú sí," ni Adébáyọ̀ wí.

"Mo ní kí ni wọ́n ṣe láyé."

"Ẹ jẹ́ ká ti ibi ikú bẹ̀rẹ̀ ná."

"Ọdún wo ni?"

Èyí ni wọ́n mọ̀, nítorí ẹnìkan ti kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì kan nínú agbo ilé: ọdún 1917, ọdún tó ṣáájú àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú.

Ìyá Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. "Ọ̀gá, gbogbo ogun ilẹ̀ yìí ti parí ní ogún ọdún ó lé ṣáájú ìgbà yẹn. Ọkọ̀ ojú irin ti ń dún ní Òṣogbo. Ogun wo ló wà ní Ifẹ̀ ní 1917?"

Adébáyọ̀ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ tíṣà," ni ó wí. "Ẹ bá wa wá ọ̀kan."

Obìnrin mìíràn ì bá ti lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà rò ó pé bí òun bá gba iṣẹ́ náà, bóyá òun á rí ẹni kan tí yóò sọ bí ọkùnrin náà ṣe gbé ayé. Ó rin agbo ilé náà já. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé Awóyẹmí máa ń hun ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja, àti pé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń wo ẹyẹ. Ó fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò rí ogun, ó wá àwọn olè ọ̀nà oko kan, ó ní kí wọ́n dènà de Awóyẹmí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ẹni tí yóò kú ikú akọni ní orí kẹwàá kò lè máa wo ẹyẹ lásán ní orí kìíní. Ìyá Tíṣà pa dà sẹ́yìn, ó ní Awóyẹmí ọmọdé ń sọ ẹyẹ lókò, òkò rẹ̀ kì í sì í tàsé. Ìgèrè tó ń hun di apó ọfà. Wọ́n ti sọ fún un pé ọkùnrin náà fẹ́ràn ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò bá jagunjagun mu, ó fa igi lé e. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó kà á, kò sì mọ ẹni tí ó ń kà nípa rẹ̀.

Kò tíì fi bírò gún abẹ́ lẹ́tà tán tí Alhaji Abdulrazaq fi dé ní òun nìkan, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀rọ̀ ogun yẹn, mà, kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí bàbá wa sọ fún wa ni pé ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá kú. Wọ́n kírun tán, wọ́n ṣàdúà, wọ́n fi orí kanlẹ̀, wọn ò gbé e mọ́. Alhamdulillahi."

"Abdulrazaq, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú mà," ni Alhaji wí, ó sì tún ọwọ́ rẹ̀ kó sẹ́yìn dáadáa.

Ìyá Tíṣà tún un tẹ̀. Apó ọfà di tẹ̀sùbáà. Awóyẹmí kò lè máa sọ ẹyẹ lókò mọ́, nítorí náà ó wá ń da ọkà fún wọn láràárọ̀. Àwọn olè ọ̀nà oko náà ronú pìwà dà, wọ́n sì bá a lọ sí mọ́sáláṣí. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bàbá Àtàndá ló tún wá. Ó jókòó, ó sùn díẹ̀, ó jí.

"Mojíre," ni ó wí, "irọ́ ni wọ́n ń pa fún ọ. Bàbá kò kú rárá. Wọ́n wọlẹ̀ ni. Ilẹ̀ là lẹ́yìnkùlé, wọ́n wọ inú rẹ̀, omi sì tú jáde níbẹ̀. Òun ni kànga tí a ń pọn títí dòní."

"Ta ló rí i, Bàbá?"

"Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí ojú ẹ̀ á ṣì máa ríran?"

Ìyá Tíṣà fi bébà tuntun sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò wọlẹ̀ ní ìparí gbọ́dọ̀ jẹ́ abàmì láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹyẹ wá ń bá Awóyẹmí sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹyẹ kan náà ló ti jẹ òkò, tó ti jẹ ọkà, tó tún wá ń sọ Yorùbá, kò sì sí ìgbà kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Awóyẹmí fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ikú ló ń jókòó sí ìparí ìwé tí ó ń pàṣẹ fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ó dìde, ó ní òun á kúkú lọ wo kànga náà fúnra òun.

Lẹ́yìnkùlé ilé Awóyẹmí, Ìyá Àbíkẹ́ jókòó lórí àpótí lẹ́bàá kànga, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ọmọ Awóyẹmí ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó pè é sí ìpàdé rí, wọ́n ní etí rẹ̀ ti di. Etí rẹ̀ kò di. Ariwo ìpàdé wọn ni kì í fẹ́ gbọ́, ló ṣe jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

"Ìyá," ni Ìyá Tíṣà wí, "wọ́n ní ibí ni ilẹ̀ ti là."

"Ilẹ̀ wo ló là? Bàbá ló gbẹ́ ẹ. Oṣù méjì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi là ń gbé erùpẹ̀."

Ìyá Tíṣà fa àpótí kejì, ó jókòó tì í. Ohun tó ti ń wá láti oṣù bíi mélòó kan, lẹ́bàá kànga ló wà. Kò béèrè ikú. Ó béèrè ohun tí Awóyẹmí máa ń jẹ láàárọ̀. Ìyá Àbíkẹ́ wò ó bí ẹni pé kò sẹ́ni tó tíì bi í ní ìbéèrè gidi láti ìgbà tó ti dáyé.

"Iṣu sísun," ni ó wí. "Èyí tó jóná gan-an. Wọ́n á ní kí a má ha ẹ̀yìn rẹ̀."

Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Awóyẹmí ló gbé èso kókó àkọ́kọ́ wọ oko ẹbí wọn, ó rìn fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tó sì dé, ìyàwó rẹ̀ àgbà rò pé oúnjẹ ni, ó sì se díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní agbo ilé kejì máa ń bá a rín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí tọkọtaya bá jà, orí ẹní kan ni yóò ní kí wọ́n jókòó sí kí wọ́n kọjú síra, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi rẹ́rìn-ín. Láti Ìpetumodù ni wọ́n ti ń wá pè é fún ìjà tó le.

Ní ọjọ́ kẹta ni Ìyá Tíṣà tó béèrè bó ṣe kú.

Ìyá Àbíkẹ́ gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Òbúkọ ni."

"Òbúkọ?"

"Òbúkọ ilé Adéagbo. Bàbá fẹ́ lọ sí Ìpetumodù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ra fìlà ẹtù tuntun, wọ́n gbé e lé orí ògiri kí wọ́n tó ṣan ẹsẹ̀. Òbúkọ náà gbé fìlà sẹ́nu, ó sá. Bàbá lé e. Èmi náà sáré tẹ̀ lé wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Gbogbo Ìlódè ló dúró wò wá. Bàbá ń sáré, Bàbá ń rẹ́rìn-ín, òbúkọ yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sọ́tùn-ún. Ìdí igi odán kan ni wọ́n ti já a gbà. Wọ́n jókòó, wọ́n fi fìlà náà lé orúnkún, wọ́n ní, 'Àbíkẹ́, ṣé o rí i pé mo ṣì lè sáré?' Mo ní, 'Mo rí i, Bàbá.' Wọn ò gbọ́."

Ó tún mú ẹ̀wà rẹ̀, ó ṣa díẹ̀.

"Ojú ti àwọn àgbà. Wọ́n ní a kò lè sọ fún àna wa pé òbúkọ ló pa baálé wa. Àwọn tó lọ sọ́dọ̀ ọdẹ ní wọ́n wọlẹ̀. Àwọn tó gba ẹ̀sìn sọ ti Jímọ̀. Èyí tó fẹ́ràn ogun sọ ti ogun. Wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kò gbọdọ̀ jẹ òbúkọ mọ́. Wọ́n ń pè é ní èèwọ̀. Ìbínú ni."

Ìyá Tíṣà lọ sílé, kò tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ tán ní ọjọ́ mẹ́jọ, òun tí ó ti lo oṣù mẹ́rin lórí ẹyẹ.

Ẹbí pé sí pálọ̀ Adébáyọ̀ láti gbọ́ ọ. Wọ́n se adìẹ. Ìyá Tíṣà fi awò rẹ̀ sójú, ó ka ojú ìwé kìíní: "Awóyẹmí kú ní ọdún 1917, nígbà tó lé òbúkọ kan tó gbé fìlà rẹ̀. Ó gba fìlà náà. A ti sọ ti ikú tán, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ayé rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́. Adébáyọ̀ dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní ta ló sọ ọ́. Ìyá Àbíkẹ́, tí Ìyá Tíṣà ti mú lọ́wọ́ wá, ní òun ni, òun sì ti ń dúró de kí ẹnìkan béèrè láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Ọ̀rọ̀ di ìdúnàádúrà. "Ìyá Tíṣà," ni Adébáyọ̀ wí jẹ́jẹ́, "ṣé kò lè jẹ́ ẹkùn?"

"Ẹkùn kì í gbé fìlà, Ọ̀gá."

"Àgbò ńkọ́, mà?" ni Alhaji wí. "Àgbò dáa. Àgbò bójú mu."

Bàbá Àtàndá jí. "Ẹfọ̀n," ni ó wí, ó sì tún sùn.

"Òbúkọ ni," ni Ìyá Tíṣà wí. "Mo ti kọ ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta fún yín pẹ̀lú ikú tó dára. Bí ikú náà bá ṣe ń dára sí i ni bàbá yín ń sọnù sí i. Ẹ̀yin gbogbo tẹ́ ẹ jókòó yìí, kí lẹ máa ń pe ọkọ mi?"

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹnìkan wú ikọ́. Alhaji Abdulrazaq ń wo ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kúrò lẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Wọ́n máa ń bá mi tọ́ oògùn wò," ni ó wí. "Ní ọdún tí ibà fẹ́ pa mí. Wọ́n tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo ní ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òbúkọ, Ẹ̀gbọ́n Adébáyọ̀."

Bó ṣe parí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Adébáyọ̀ ní dandan ni kí wọ́n fi "ńlá" kún un. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, "òbúkọ ńlá kan" ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá ni wọ́n kó ìwé náà jáde ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ka ojú ìwé kìíní, pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń ka ẹ̀sùn àwọn onífàyàwọ́ nígbà kan rí. Nígbà tó dé ibi òbúkọ, ẹ̀rín bú sílẹ̀ láti ẹ̀yìn títí dé iwájú. Àgbàlagbà kan láti ilé Adéagbo dìde, ó ṣí fìlà, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹran wọn ni, ilé Adéagbo sì tọrọ àforíjì fún ohun tí òbúkọ wọn ṣe. Adébáyọ̀ dúró ṣinṣin, ó ní ẹbí Awóyẹmí gbà. Lẹ́yìn náà òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì hàn gbangba pé ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí ó yà á fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó dùn mọ́ Ìyá Tíṣà tán. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, "ìwé òbúkọ" ni gbogbo Ìlódè ń pè é. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ló kọ, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó lọ sí ibi omi ilé Awóyẹmí, ó bá àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ jáde nínú kànga. Ọ̀kan ka orúkọ wọn tò láìwo ìwé, láti Awóyẹmí dé Ìyá Àbíkẹ́. Orí karùn-ún ìwé náà ni àwọn orúkọ náà wà. Ìyá Tíṣà kọjá lọ ra epo pupa.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún parí, ọkùnrin méjì dé láti Ìpetumodù, wọ́n nu eruku ẹsẹ̀ wọn nù lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ti ka ìwé òbúkọ, àwọn náà ní bàbá ńlá kan, ikú tí ó kú sì lágbára ju òbúkọ lọ fíìfíì.

"Ẹ má tíì sọ ọ́," ni Ìyá Tíṣà wí. "Ṣé ẹni tó máa ń se oúnjẹ fún un ṣì wà láyé?"

"Ó ti kú, mà."

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú tán."

"Ẹni tó bá a jà?"

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. "Ìyẹn pọ̀ o, mà," ni èyí àgbà wí. "Méjì ṣì wà láàyè. Ìbínú ni ò jẹ́ kí wọ́n kú."

"Ó dáa," ni Ìyá Tíṣà wí, ó sì fa ìwé ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ra. "Ẹ kó àwọn méjèèjì wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó nínú ọkọ̀ kan náà."